Ihò Eléérú àti Àwọn tí ó Kọ̀wé Nípa Rẹ̀

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ tí a sì ti tú àwọn ọmọ sílẹ̀ láti lọ ṣeré, ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ dúró lẹ́yìn nínú kíláàsì wa ní Ùgbè-Àkókó. Ó ń fi ìka yí etí aṣọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ọ̀rọ̀ wúwo ní ẹnu rẹ̀, kí ó tó wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ iwin wà lára àwa Yorùbá?" Nígbà tí a bi í léèrè ibi tí ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni ó kà á nínú fóònù: pé àwọn òyìnbó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wò, wọ́n sì rí i pé ìdá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ènìyàn, àti pé a ti hú agbárí ọ̀kan nínú àwọn iwin náà jáde nínú ihò àpáta kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í ṣe ẹ̀rín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

A kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, nítorí a kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ fọ ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. A ní kí ó fún wa ní àyè ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a sì lọ wá àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá. Àwọn ìwé náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń gbé ìwé ìtàn àròsọ àti ìwé ewì yẹ̀ wò. Nítorí pé ìwé ni ìwé àwọn onísáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ ọ́, ó ní ibi tí ó gún régé, ó sì ní ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí ó bá ní olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò ní ohun tí yóò sọ nípa wọn ti gbàgbé pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọmọ ń mú ìbéèrè wọn wá.

Ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Àkókó kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa ihò àpáta. Òkè yí Ìkàrẹ́ ká. Ọ̀kà sì wà lórí òkè fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Núpé ń kó ilẹ̀ yìí lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè àti abẹ́ àpáta ni àwọn baba wa sá sí. Kí olùkàwé má ṣe rò, nígbà náà, pé ihò òkùnkùn tí a ń fi àtùpà wọ̀ ni a ń sọ. Àpáta ńlá ni, tí ó na orí síwájú bí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ń gbẹ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí ọdẹ lè dáná síbẹ̀ kí ó sun iṣu jẹ títí ojú ọ̀run yóò fi là. Ẹ̀bá Ìsàrun ni ó wà, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá ti Ùgbè gba Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́ ti rin èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrìn náà.

Ní ọdún 1965 ni Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti walẹ̀. Shaw yìí kan náà ni ó ti walẹ̀ ní Igbo-Ukwu ṣáájú, tí ó sì bá àwọn ohun ọ̀ṣọ́ idẹ tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ayé. Lábẹ́ àpáta náà wọ́n kó òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣẹ́ jáde, nǹkan bí 500,000, púpọ̀ nínú wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi ẹsẹ̀ gbá wọn dànù. Lápá òkè ilẹ̀ ni àfọ́kù ìkòkò wà, àti àáké òkúta tí a lọ̀ títí ó fi ń dán. Irú àáké bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì sí wa: òun ni àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ hú jáde nínú oko, tí àwọn baba wa ń pè ní ẹdùn àrá, tí wọ́n sì ń kó lọ sí ojúbọ Ṣàngó. (Àwa fúnra wa mọ ìyá àgbà kan tí ó fi ọ̀kan ṣe ìdènà ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kò sì sí ààrá tí ó wá béèrè rẹ̀.) Lápá ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá òkú ènìyàn kan tí a ká jọ sin. Eegun rẹ̀ ti jẹrà púpọ̀, ṣùgbọ́n apá òkè agbárí rẹ̀ kù. Wọ́n fi èédú tí ó wà nítòsí òkú náà ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé oríṣi kábọ̀n kan ń bẹ nínú igi tí ó ń dín kù ní ìwọ̀n tí a mọ̀ láti ọjọ́ tí igi náà ti kú. Ìṣirò náà sì gbé wọn dé nǹkan bí 13,000 ọdún sẹ́yìn. Kò sí egungun ènìyàn mìíràn tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a tíì rí ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dùn wá nínú gbogbo ìwé tí a kà ni orúkọ. Shaw kọ ọ́ pé "Iwo Eleru", láìsí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì kọ ọ́ tẹ̀lé e fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ. Kí a wá fi í fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kí ó kà á. Ìwo ni ti orí ẹran; ìwọ ni ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀; Ìwó ni ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun; kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe ihò nínú Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rù ni ẹni tí ó ni ẹrù. Ẹlẹ́rú ni ẹni tí ó ni ẹrú. Eléèrú ni oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n Eléérú ni orúkọ náà, èyí tí ó ní eérú nínú, eérú tí iná ń fi sílẹ̀ sí ààrò. Shaw kò ṣàìmọ̀ pé eérú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kọ ìtumọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò kọ bí ó ti yẹ.

Ẹnìkan lè wí pé ohun kékeré ni èyí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí orúkọ náà ń sọ: kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó gbé ọkọ́ débẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ti wo ilẹ̀ abẹ́ àpáta náà, wọ́n ti rí i pé eérú ni, wọ́n sì ti mọ̀ pé níbi tí eérú bá gbé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ènìyàn ti dáná níbẹ̀ rí. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí sọ ibẹ̀ lórúkọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí àfọ́kù ìkòkò ti jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ ti fọ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó wá hú. Nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, "Iwo Eleru" ni ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú èyí tí a tẹ̀ ní ọdún 2023, tí Jacopo Niccolò Cerasoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, a rí Ihò Eléérú, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀. Inú wa dùn nígbà tí a rí i, bí ẹni pé a rí ẹni wa láàrín èrò ọjà. Emuobosa Orijemie ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kọ ìwé náà.

Kí a má ṣe di ẹrù yìí lé àlejò nìkan lórí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí a parí lódindi ní ọdún 1884, wọn kò ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n mọ̀ pé láìsí i, ọ̀rọ̀ kan yóò máa pa òmíràn. Lónìí, kí olúkúlùkù wa lọ wo pátákó ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, àti ìwé ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Shaw kò ṣe ju bí àwa náà ti ń ṣe lójoojúmọ́ lọ.

Nísinsìnyí, kí a padà sí agbárí. Ní ọdún 1971 Don Brothwell àti Shaw kọ ìwé lórí rẹ̀. Àkọlé ìwé náà nìkan ti sọ ìdájọ́ tí wọ́n dá, nítorí wọ́n pe òkú náà ní irú ènìyàn tí adúláwọ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ara rẹ̀ ṣẹ̀. Lẹ́yìn 40 ọdún, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn mẹ́rin mìíràn, tí Caleb Folorunso ti Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tún agbárí kan náà wọ̀n, wọ́n sì fi í wé ti àwọn ènìyàn ìgbàanì àti ti òde òní láti ibi gbogbo. Wọ́n rí i pé ó gùn, kò ga, àti pé ìrísí rẹ̀ súnmọ́ ti àwọn tí ó gbé ayé ní ọ̀pọ̀ ẹgbàárùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n tún ọjọ́ orí eegun náà ṣírò ní ọ̀nà mìíràn, ó sì bọ́ sí àárín 11,700 àti 16,300 ọdún, tí ó fi hàn pé Shaw kò ṣìṣe. Agbárí kan náà, ìwé méjì, ìdájọ́ méjì.

Ìwé ti 2011 yìí wù wá, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò sáré. Wọ́n wí pé ó lè jẹ́ pé irú ènìyàn àtijọ́ kan pẹ́ láyé ní apá ọ̀dọ̀ wa ju ibòmíràn lọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n bá àwọn mìíràn gbéyàwó. Ó lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn Áfíríkà pín sí ọ̀nà púpọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ju bí a ti rò lọ. Wọ́n sì rántí pé agbárí kan ṣoṣo ni wọ́n mú lọ́wọ́. Nínú ìlú wa níhìn-ín, bí a bá hú òkú kan ṣoṣo ní 10,000 ọdún sí i, tí ó sì jẹ́ ti ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí olórí gbọọrọ, kí ni àwọn tí ó hú u yóò rò nípa àwa yòókù? Ìṣọ́ra yìí ni ó ṣòfò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn.

Ohun tí ó dá "iwin" sílẹ̀ jẹ́ ìwé mìíràn pátápátá. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles tẹ ìwé kan jáde lórí DNA, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú ara tí àbùdá tí a jogún wà lórí rẹ̀. Wọ́n yẹ ti àwọn Yorùbá, àwọn Esan, àwọn Mende ti Sàró àti àwọn ará Gambia wò, wọ́n sì ṣírò pé láti orí 2 títí dé 19 nínú ọgọ́rùn-ún lára rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ irú ènìyàn àtijọ́ kan tí ọ̀nà rẹ̀ ti yà kúrò kí ọ̀nà tiwa àti ti àwọn Neanderthal tó pínyà. Nítorí pé a kò rí eegun àwọn ènìyàn náà, tí ó jẹ́ ipasẹ̀ wọn nìkan ni a rí nínú ara àwọn alààyè, àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ tí òyìnbó ń pe òkú tí ń rìn pè wọ́n. Àpèlé lásán ni. A ń rí ẹsẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, a kò rí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́: kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu dé ẹnu títí ó fi di Yorùbá, ó di iwin. Iwin náà kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọmọdébìnrin kan ní Ùgbè. Bí a bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ èdè wa, kí a túmọ̀ ohun tí ó wí, kí a má ṣe túmọ̀ àwàdà inú rẹ̀.

Kí a sì ṣàkíyèsí èyí: inú ìrísí eegun ni ìwé ti 2011 ti wá, inú ara àwọn alààyè ni ti 2020 ti wá. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tàbí ẹni tí ó kọ ohun tí ó kà, ni ó so méjèèjì pọ̀ tí ó sì sọ wọ́n di ẹnìkan ṣoṣo tí ó ní orí àti ẹ̀jẹ̀. Ìmọ̀ràn pé wọ́n lè ní ìbátan kò burú. Ìmọ̀ràn sì ni. Ní ọdún 2023 kan náà, Aaron Ragsdale, Brenna Henn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé jáde tí ó lòdì sí ti àwọn ará Los Angeles. Wọ́n yẹ DNA àwọn Nama ti gúúsù, àwọn Mende, àti àwọn ènìyàn Ethiopia wò, wọ́n sì wí pé a kò nílò àlejò tí a kò rí eegun rẹ̀ láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí ó ti rí lójú tiwọn ni pé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn ènìyàn Áfíríkà ti wà ní agbo méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọn kò jìnnà sí ara wọn púpọ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn gbéyàwó ní ìgbàkúùgbà. Àwa ará Àkókó lè lóye èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: òkè wà láàrín ìlú kan àti èkejì, èdè sì yàtọ̀, síbẹ̀ ipa ọ̀nà àna kò hu koríko. Lójú wa, ti àwọn Ragsdale ni ó bá ọgbọ́n orí mu jù. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò tíì parí láàrín àwọn tí ó ni í, kò sì yẹ kí olùkọ́ parí rẹ̀ fún wọn lórí pátákó ìkọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan àwa gan-an, òun náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. Ta ni "àwọn Yorùbá" tí a ń kà nípa wọn nínú ìwé wọ̀nyí? Nígbà tí iṣẹ́ ńlá tí a ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ìdílé 30 ní Ìbàdàn ni ó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 90 ènìyàn lápapọ̀. Àwọn tí ó darí iṣẹ́ náà kọ ìlànà sílẹ̀ pé kí a máa pè wọ́n ní Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà. Kí a má ṣe gé e kù sí Yorùbá lásán, kí a má sì fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di Áfíríkà. Ìlànà ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń pa á mọ́: nínú ìwé ìjìnlẹ̀, "ní Ìbàdàn" a máa bọ́ sílẹ̀ ní ojú ewé kejì; nínú ìwé ìròyìn, kì í tilẹ̀ wọlé rárá. Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ rìn dé Arigidi, kí ó sì tẹ̀síwájú títí dé Àkùnnù, yóò gbọ́ èdè tí àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń jiyàn lórí ibi tí wọn yóò tò wọ́n sí, Arigidi, Akpes, Ukaan. Gbogbo wa ni a sì ń jọ kọ orin kan náà láti inú ìwé orin Yorùbá ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìdílé 30 láti Ìbàdàn, bí ó ti wù kí wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí tó, kò lè jẹ́rìí fún gbogbo wa. A kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá gba ẹ̀jẹ̀ ní Ùgbè. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ orúkọ tán, bí wọ́n ti ṣèlérí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò nítorí èyí pé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà kò wúlò. Ọ̀wọ̀, tí ó wà nítòsí wa, mọ ibà Lassa dáradára. Ọ̀pọ̀ ni ó ti lọ sí ilé-ìwòsàn níbẹ̀ tí a kò gbé padà láàyè. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé Ìbàdàn wọ̀nyẹn ni Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i ní ọdún 2007 pé àbùdá kan, tí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò Lassa ń gbà wọlé, ti ń yí padà láàrín wọn bí ohun tí ó ti ń ṣe àwọn tí ó ní i ní àǹfààní. Wọ́n sì rò ó pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà jẹ́ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí a bá dẹ́rù bà kúrò níbi ìwé DNA lónìí kò ní ka irú èyí lọ́la.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ń retí kí a dé orí Ádámù. A ó sọ ìwọ̀nba. Ọdún 4004 ṣáájú ìbí Olúwa wa, tí ọ̀pọ̀ àgbà ń rò pé inú Ìwé Mímọ́ ni ó wà, ìṣirò James Ussher ni, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Armagh ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún; àwọn atẹ̀wé ni ó tẹ̀ ẹ́ sí etí ojú ewé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Etí ojú ewé kì í ṣe ojú ewé. Ẹni tí a ká jọ tí a sì fi ọwọ́ sin sí abẹ́ àpáta ní nǹkan bí 13,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó sin ín. Iwin kì í gbẹ́ sàréè fún ara wọn. Èyí ni ìdáhùn tí a fún ọmọdébìnrin náà nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí a béèrè pé. A sì fi kún un pé àwọn òyìnbó tí ó ń kọ ìròyìn náà ní nǹkan bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ àwọn Neanderthal nínú ara tiwọn, gẹ́gẹ́ bí Svante Pääbo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi hàn láti ọdún 2010, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2022. Kò sì sí ẹni tí ó ní wọn kì í ṣe ènìyàn. Ó ronú díẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Ṣé baba ńlá wa ni ẹni tí wọ́n sin náà, sà?"

Ìbéèrè yẹn dára ju ti ìṣáájú lọ, ó sì le ju u lọ. A sọ ìtàn Shum Laka fún un, ibi àpáta kan ní Kamẹrúùnù. Ọmọdé mẹ́rin ni a rí DNA wọn níbẹ̀ ní ọdún 2020. A sin méjì ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, a sin méjì yòókù ní nǹkan bí 3,000. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò jọ àwọn tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ náà lónìí bí a ti rò. Àwọn ọdẹ inú igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n jọ jù. Ẹni tí ó wà nínú ilẹ̀ wa lè jẹ́ baba wa. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ kí àwọn baba wa tó dé. Ní ìgbà tí a sin ẹni ti Ihò Eléérú, kò tíì sí ẹnikẹ́ni tí a ń pè ní Yorùbá, kò sì sí Àkókó.

A fẹ́ padà díẹ̀ sí ìwé ti Cerasoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni ó dára jù nínú gbogbo wọn lójú wa, bẹ́ẹ̀ ni òun ni àwọn oníròyìn kò pariwo rẹ̀. Kò sí iwin nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ eegun ẹran tí a jẹ lábẹ́ àpáta náà wò, àti ohun tí ó kù lára ewéko, wọ́n sì béèrè irú ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn náà ń gbé. Ìdáhùn tí wọ́n rí yà wá lẹ́nu. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí oòrùn mú, ọ̀dàn fẹ̀ sí i ní gbogbo agbègbè náà, igbó sì fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni igbó tún padà wá. Ṣùgbọ́n ní àyíká Ihò Eléérú fúnra rẹ̀, igbó kò kúrò. Ó dúró níbẹ̀ bí erékùṣù, gbogbo ìgbà tí ènìyàn fi ń dáná lábẹ́ àpáta náà. Nígbà tí àwa wà ní ọmọdé, a kọ́ wa pé àwọn ènìyàn ìgbàanì kò lè gbé inú igbó tòótọ́ kí irin tó dé. Ní ọdún 2025 ni a tẹ ìwé lórí Bété, nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, tí ó fi hàn pé ènìyàn ti gbé inú ẹgàn níbẹ̀ ní 150,000 ọdún sẹ́yìn. Àlébù kan ni a rí lára ìwé ti Cerasoni: ó le kà. Gbólóhùn kan a máa gùn bí ọ̀nà Ìdànrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rọ́jú kà á dé òpin yóò rí i pé igbó tí ó farada oòrùn ẹgbẹ̀rúndún púpọ̀ ni ìran tiwa ń fi ẹ̀rọ gígé igi parí lójú wa báyìí, fún pákó àti fún oko kòkó. A kò mọ ìwé kankan tí ó fi ìyẹn yé wa tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé ìwàásù.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà a fún kíláàsì ní iṣẹ́ kan: kí olúkúlùkù lọ béèrè orúkọ àpáta àti ihò tí ó wà lẹ́bàá oko àwọn òbí rẹ̀, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, kí ó sì kọ ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ 23 ni wọ́n mú wá. Ọmọdébìnrin wa mú ọ̀kan wá láti ẹnu ìyá ìyá rẹ̀, tí àwa olùkọ́ mẹ́ta jiyàn lé lórí fún wákàtí kan, bóyá ohùn ìsàlẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ohùn àárín. Ní ọjọ́ kejì ìyá àgbà náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó pe orúkọ náà fún wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wo ohun tí a kọ sórí pátákó bí ẹni tí ó mọ̀wé, ó sì béèrè ta ni ó kọ́ wa.